Orúkọ Orí Gìtá Kì Í Ṣe Ẹ̀rí: Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Gìtá Oníná Àtijọ́ Ti Wá

Ní ọdún 2024, ìròyìn méjì jáde tó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn gun orí àjà. Àkọ́kọ́ ni ti béèsì gìtá Höfner tí wọ́n jí mọ́ Paul McCartney, olórin ẹgbẹ́ Beatles, lọ́wọ́ ní 1972; inú àjà ilé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti padà rí i. Ìkejì ni ti gìtá Framus, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí John Lennon tí wọ́n jọ wà nínú Beatles lò nígbà ayé rẹ̀. Òun náà, inú àjà ni. Wọ́n gbé e lọ sí gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, ó sì lé ní mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ dọ́là kí wọ́n tó fa á lé ẹni tó rà á lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé gìtá wá bá mi ní Adó. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá wọn dá ẹgbẹ́ jùjú sílẹ̀ rí, ẹni tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ogún ọdún, gbogbo wọn ló ti tú ẹrù. Ìbéèrè kan náà ló sì wà lẹ́nu wọn: "Ẹ̀gbọ́n, Fender ni wọ́n kọ sí i lórí. Èló ni wọ́n ń rà á?"

Fender jẹ́ ilé iṣẹ́ gìtá kan tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n mi ò lè díyelé ohun tí mi ò tíì mọ̀. Mo ti rí ẹni tó ta gìtá tòótọ́ ní owó pọ́ọ́kú nítorí pé orúkọ orí rẹ̀ ti pa rẹ́. Mo ti rí ẹni tó fi owó àjẹmọ́nú bàbá rẹ̀ ra ayédèrú nítorí pé orúkọ orí rẹ̀ ń dán. Àwọn méjèèjì, orúkọ ni wọ́n gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó yẹ ká máa wò dípò orúkọ.

Gìtá wo là ń sọ gan-an?

Kì í ṣe gìtá onígi tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ohùn ń gba ihò rẹ̀ jáde. Gìtá oníná ni èyí tí a ń fi wáyà so mọ́ ampilifáyà. Ara ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ igi gbọingbọin, tí ẹ bá ta á láìfi iná sí i, ohùn rẹ̀ kò ní ju ti ẹ̀fọn lọ. Ohun tó ń gbé ohùn rẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù, ìyẹn òòfà tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín bí irun orí wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Okùn irin á gbọ̀n lókè òòfà, gbígbọ̀n yẹn á di iná kékeré nínú wáyà, ampilifáyà á sì sọ iná kékeré yẹn di ohùn ńlá.

Gìtá ní orí, níbi tí àwọn èèkàn tí a fi ń fa okùn wà. Ó ní ọrùn, níbi tí ìka ń tẹ̀. Ó ní ara, níbi tí píkọ́ọ̀pù àti àwọn kókó tí a ń yí wà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sọ́kàn, orí, ọrùn, ara, nítorí pé ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ wà nínú bóyá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Bí àwọn tó ń rà bá sọ pé "àtijọ́", ohun tí wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn ni èyí tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1950 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Orúkọ méjì ni ẹ máa gbọ́ jù. Leo Fender ń ṣe tirẹ̀ ní ìlú Fullerton, ní California. Gìtá rẹ̀ tó ń jẹ́ Telecaster jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Stratocaster tẹ̀lé e ní 1954. Ilé iṣẹ́ Gibson ti wà tipẹ́ ní Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan, gìtá wọn tó ń jẹ́ Les Paul sì jáde ní 1952.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu pé irú wọn wà nínú àjà ilé wa. Nígbà tí wọ́n fi oyè MBE dá I. K. Dáíró lọ́lá ní 1963, gìtá oníná ti wọ inú jùjú. Nígbà tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé fi dé, gìtá kan ṣoṣo ò tó ẹgbẹ́ mọ́. Fèrè ni Victor Ọláìyá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Ìsù níhìn-ín ní Èkìtì, ń fọn, ṣùgbọ́n mélòó ni ẹgbẹ́ háíláìfù tí kò ní gìtá lẹ́yìn? Àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn ní ìlú kéékèèké náà wá gìtá tiwọn. Gìtá wọ̀nyẹn ò parẹ́, eruku ló bò wọ́n.

Kí ni ìyàtọ̀ ojúlówó, àwòkọ, ayédèrú àti alábùlà?

A ò lè fi ọ̀rọ̀ iyán tan ọmọ Èkìtì jẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi iyán ṣàlàyé. Iṣu tí a sè, tí a gún lódò, iyán nìyẹn. Pòǹdó, ìyẹ̀fun ni. Ẹni tó ro pòǹdó tó sì sọ pé pòǹdó lòun rò, kò tan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ro pòǹdó, tó bù ú sínú àwo, tó wá gbé e síwájú àlejò pé iyán ni, ẹlẹ́tàn ni.

Gìtá ojúlówó ni èyí tí ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ṣe ní tòótọ́. Àwòkọ ni pòǹdó tó jẹ́wọ́ ara rẹ̀: ilé iṣẹ́ mìíràn wo Stratocaster, ó ṣe irú rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ayédèrú ni pòǹdó tó ń pe ara rẹ̀ ní iyán: ẹni tí kì í ṣe Fender ló ṣe é, Fender ni wọ́n sì kọ sí i kí ẹ lè sanwó Fender.

Alábùlà ló ń da ènìyàn láàmú jù. Ọrùn rẹ̀ lè jẹ́ ojúlówó ti 1969, kí ara rẹ̀ jẹ́ ti 1978, kí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sì wá láti ibòmíràn. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa pe àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀bàyéjẹ́. Bí ọrùn gìtá bá ṣẹ́ mọ́ olórin lọ́wọ́ ní Ìkọ̀lé ní 1977, tí òde àríyá sì wà ní Sátidé, níbo ló ti fẹ́ rí ọrùn tuntun? Ohun tó bá rí ló máa dì mọ́ ọn. Kò purọ́, ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹni tó wá mọ̀ pé alábùlà ni, tó sì tà á ní iye ojúlówó, òun ló purọ́.

Ṣé orúkọ tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀ ò tó ni?

Kò tó. Sítíkà ni ọ̀pọ̀ orúkọ wọ̀nyẹn. Ilé ìtẹ̀wé tó bá lè tẹ sítíkà ọjọ́ ìbí lè tẹ Fender. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe gìtá náà kí ẹ tó wo ohun tí wọ́n kọ sí i.

Orí Fender ò tẹ̀ sẹ́yìn. Pẹrẹsẹ ló wà, ó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ọrùn. Ti Gibson Les Paul dá sẹ́yìn, tí ẹ bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé orí tábìlì, orí ló máa kọ́kọ́ kan tábìlì. Fender máa ń fi síkúrù di ọrùn mọ́ ara: mẹ́rin ni, àfi ọ̀pọ̀ Stratocaster àwọn ọdún 1970 tó jẹ́ mẹ́ta. Gibson máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ọrùn Les Paul mọ́ ara ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Les Paul àtijọ́ tí irin pẹlẹbẹ àti síkúrù mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má tilẹ̀ ka orúkọ orí rẹ̀ mọ́. Àwọn ará Japan ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ní àwọn ọdún 1970, kì í ṣe Gibson.

Èyí tó kọ́ èmi lọ́gbọ́n kéré ju ìyẹn lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra Gibson kan ní ọjà kan ní Èkó. Ó wúwo, ó ń dán, ohùn rẹ̀ ò burú. Lórí gìtá, nítòsí ibi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀, ìdérí ike kékeré kan wà tó bo ihò irin inú ọrùn, èyí tó ń fún ọrùn lágbára. Síkúrù méjì ni Gibson fi ń dì í. Mẹ́ta ló wà lára tèmi. Mo ti lo gìtá náà fún oṣù mẹ́rin kí ọ̀gá kan tó fi ìka tọ́ síkúrù kẹta yẹn láìsọ̀rọ̀. Owó yẹn ò padà.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?

Gbogbo ẹni tó ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí mọ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ṣásí. Gìtá náà ní irú rẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀.

Ẹ gbé nọ́ńbà Gibson kan yẹ̀ wò: 82173501. Láti 1977 títí dé 2005, oní-dígíìtì mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ nọ́ńbà wọn. Dígíìtì àkọ́kọ́ àti ìkarùn-ún ni ọdún: 8 àti 3, ìyẹn 1983. Dígíìtì kejì sí ìkẹrin ni ọjọ́ nínú ọdún: ọjọ́ 217, tó bọ́ sí 5 oṣù kẹjọ. Mẹ́ta tó kẹ́yìn ni ipò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nígbà náà sì rèé, láti 500 lọ sókè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ wọn ní Nashville, èyí tó kéré sí i jẹ́ ti Kalamazoo, kí wọ́n tó ti Kalamazoo pa ní 1984. Ẹ ò rí i pé nọ́ńbà kan ṣoṣo sọ ọjọ́ ìbí àti ìlú ìbí?

Fender gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí orí gìtá láti nǹkan bí 1976. Lẹ́tà S dúró fún àwọn ọdún 1970, E fún 1980, N fún 1990, dígíìtì tó tẹ̀lé e sì ni ọdún gan-an. S8 jẹ́ 1978. Bí ó bá jẹ́ JV ló ṣáájú, Japan ni wọ́n ti ṣe é, láàárín 1982 sí 1984. MN jẹ́ ti Mẹ́síkò, àwọn ọdún 1990. Ibanez, gìtá ilẹ̀ Japan, láti 1975 títí dé àárín àwọn ọdún 1980, ń fi lẹ́tà ka oṣù: A ni oṣù kìíní, L ni oṣù kejìlá. H78 jẹ́ oṣù kẹjọ 1978.

Ibi tí nọ́ńbà ti ń já ènìyàn kulẹ̀ nìyí. Láti àárín àwọn ọdún 1950 títí dé nǹkan bí 1976, ara irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ni Fender ń tẹ nọ́ńbà sí, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa ki ọwọ́ bọ inú páálí mú èyí tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, láìtò ó. Síkúrù mẹ́rin tàbí mẹ́ta péré ló sì di irin yẹn mú. Ẹnikẹ́ni lè yọ ọ́, kó fi ti gìtá mìíràn sí i. Gibson àwọn ọdún 1960 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1970 lo nọ́ńbà kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn aláyédèrú pàápàá mọ̀ pé a máa wo nọ́ńbà, wọ́n á da nọ́ńbà ojúlówó kan kọ sára ọgọ́rùn-ún gìtá. Nọ́ńbà jẹ́ ẹlẹ́rìí kan. Ilé ẹjọ́ kì í fi ẹlẹ́rìí kan dájọ́.

Kí ló wà nínú rẹ̀ tí a ò rí?

Ibí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ibi tí ojú ò tó ni òtítọ́ sábà máa ń fara pamọ́ sí.

Ọmọkùnrin kan gbé gìtá bàbá rẹ̀ wá láti Ìkẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó fi aṣọ òkè àtijọ́ wé e. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kùn ún látòkè délẹ̀, Fender sì wà lórí rẹ̀, funfun báláú. Ó ti gbọ́ iye tí wọ́n ń ta Fender àwọn ọdún 1960. Mi ò fẹ́ já a láyà, mi ò sì fẹ́ purọ́ fún un. Mo ní, "Jókòó, àbúrò. Ká bi òun fúnra rẹ̀."

A kọ́kọ́ dẹ okùn. Ẹ má ṣe yọ ọrùn gìtá tí okùn rẹ̀ ṣì le; agbára okùn mẹ́fà pọ̀ débi tó lè fa igi ya. Lẹ́yìn náà a dojú rẹ̀ bo orí tówẹ́ẹ̀lì. Ọ̀dà dúdú bo irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn náà. Mo fi èékánná họ ọ́, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wẹ́wẹ́, nítorí ọ̀dà kì í di irin dídán mú dáadáa. Lẹ́tà yọ. Ọmọ náà tan iná fóònù sí i. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú irin náà ni pé irin wà nínú ọrùn gìtá yìí láti fún un lágbára, àti pé Japan ni wọ́n ti ṣe é.

Kò sọ̀rọ̀. A tẹ̀síwájú.

Mo tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fà ọrùn jáde. Ìdí ọrùn, níbi tó ti wọnú ara, ni Fender ojúlówó ń kọ oṣù àti ọdún sí. Pẹ́ńsù ni wọ́n ń lò ní àwọn ọdún 1950, láti nǹkan bí 1962 òǹtẹ̀ ni, pẹ̀lú lẹ́tà tó ń sọ bí ọrùn náà ṣe fẹ̀ tó. Ti ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yìí mọ́ láú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Inú ihò tí ọrùn ti jáde wá tún sọ̀rọ̀ tirẹ̀: a rí igi rẹ̀ ní ìpele-ìpele, ọ̀kan lórí èkejì, bí pláìwúùdù tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń ṣe ilẹ̀kùn. Igi alder tàbí ash tí wọ́n gé látinú pákó gidi ni Fender ń lò fún Stratocaster. Gibson ń lo mahogany fún Les Paul, mọ̀lẹ́bí ọ̀gànwó ilẹ̀ wa. Kápẹ́ńtà tó bá ti fi ọ̀gànwó ṣiṣẹ́ rí á dá a mọ̀ bó bá rí i ní ìhòòhò.

Lẹ́yìn náà a ṣí ike iwájú. Lábẹ́ kókó tí a fi ń gbé ohùn sókè ni kọ́ńtíróò wà, irú èyí tó wà nínú rédíò. Ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń ní nọ́ńbà lára. Bí ẹ bá rí 1376625, ẹ kà á báyìí: 137 ni ilé iṣẹ́ CTS tó ṣe é, 66 ni 1966, 25 ni ọ̀sẹ̀ karùndínlọ́gbọ̀n nínú ọdún náà. Bí ó bá fi 304 bẹ̀rẹ̀, Stackpole ló ṣe é.

Ẹ ṣọ́ra fún bí ẹ ó ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ká ní a wó ògiri ilé kan, a sì bá ìwé ìròyìn 1966 láàárín búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ilé yẹn lè jẹ́ ti 1966. Ó lè jẹ́ ti 1968, bí ìwé ìròyìn náà bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ti 1959. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńtíróò rí. Fender ra ọ̀pọ̀ yanturu rẹ̀ ní 1966, wọ́n sì ń lò ó fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Bí ẹnì kan bá sọ pé gìtá òun jẹ́ 1962, tí ẹ sì bá 66 nínú rẹ̀, yálà ó ṣi ọdún pè tàbí ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá wo lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó wáyà mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún rédíò ṣe mọ̀ bí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n jó lẹ́ẹ̀kejì ṣe máa ń rí: ó máa ń wú, àmì iná á wà lára wáyà. Wáyà Fender títí dé ìparí àwọn ọdún 1960 sì ní aṣọ lára. Ike ló tẹ̀lé e.

Kọ́ńtíróò inú gìtá ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kéré, kò ní 137, kò ní 304. Irin ẹ̀yìn, ìdí ọrùn, igi, kọ́ńtíróò: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ ohun kan náà. Sítíkà orí nìkan ló ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kí ni ọ̀dà àti ojú ara rẹ̀ ń sọ?

Ẹ wo èkù àdá àgbẹ̀ tó ti lo àdá kan fún ogún ọdún. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú nìkan ló máa ń dán. Gìtá náà ń jẹ níbi tí ara ń kàn án: etí òkè níbi tí apá ń gbé lé, ẹ̀yìn ọrùn níbi tí àtàǹpàkò ń rìn, àti abẹ́ okùn ní ìhà orí níbi tí ọ̀pọ̀ orin wa ń wáyé. Bí ẹ bá rí ibi tó họ níbi tí ọwọ́ kankan ò lè dé, ẹ bèèrè ẹni tó họ ọ́. Láti 1995 ni Fender fúnra rẹ̀ ti ń ta gìtá tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ họ kó lè dà bí ògbólógbòó, wọ́n sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Àwọn mìíràn ń ṣe é, wọn ò sì ń sọ.

Fáníìṣì àtijọ́ máa ń pọ́n bí epo ẹ̀pà, bí ọyẹ́ bá sì ti gbá a fún ọdún pípẹ́, ó máa ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí wọ́n ń lò láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960 ní Fender nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sán báyìí. Ike funfun iwájú Fender tí wọ́n ṣe láàárín 1959 sí nǹkan bí 1964 máa ń di aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ bó bá ti dàgbà. Bí ẹ bá sì ní iná elésè àlùkò kékeré tí àwọn òǹṣòwò fi ń yẹ dọ́là wò, ẹ tàn án sí gìtá nínú òkùnkùn. Fáníìṣì àtijọ́ máa ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Ibi tí wọ́n ti kùn lẹ́yìn náà á yọ bí àbàwọ́n dúdú.

Bí kì í bá ṣe Fender, ṣé kò níye lórí nìyẹn?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ bi mí bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti kọ́rẹ́. Rárá o.

Ní àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ gìtá pọ̀ ní Japan. Teisco ti wà láti 1946, Kawai rà á ní 1967. FujiGen bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Matsumoto ní 1960. Àwọn ló ń ṣe ọ̀pọ̀ Ibanez, nígbà tó sì di 1982, Fender fúnra rẹ̀ lọ bá wọn pé kí wọ́n máa bá òun ṣe tòun ní Japan. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyẹn nígbà tí ẹnì kan bá ń fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú gìtá Japan. Ilé iṣẹ́ kan náà lè ṣe gìtá kan, kó tà á lábẹ́ orúkọ mẹ́wàá, bí oníbàárà ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ ó tún gbọ́ kí òǹtajà sọ pé "gìtá ẹjọ́ nìyí, wọ́n fòfin dè é". Ẹjọ́ kan wáyé ní tòótọ́: ní 1977, Norlin tó ni Gibson pe Elger, tó ń ta Ibanez ní Amẹ́ríkà, lẹ́jọ́ lórí bí wọ́n ṣe gbẹ́ orí gìtá. Ibanez nìkan ni ẹjọ́ yẹn kàn, ìrísí orí ni wọ́n sì jà lé lórí, wọ́n sì parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Fífi orúkọ yẹn pe gbogbo gìtá Japan jẹ́ ọgbọ́n ọjà lásán.

Gìtá Japan ti àwọn ọdún 1960 kò ní mú owó Stratocaster ìgbà kan náà wá. Ṣùgbọ́n ó ní oníbàárà tirẹ̀, ó sì ní ohùn tirẹ̀. Iyì tó wà lára rẹ̀, sítíkà Fender ló ń bà á jẹ́.

Kí la ò gbọdọ̀ ṣe sí i?

Ẹ má fi sánpépà kàn án. Ẹ má kùn ún. Ẹ̀dùn ọkàn mi nìyí: mo rí ojúlówó kan tí ṣọ́ọ̀ṣì kan fi ọ̀dà mọ́tò kùn nítorí àjọ̀dún, kó lè bá aṣọ akọrin mu. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó ń ra gìtá àtijọ́ sì máa ń yọ tó ìdajì owó bí wọ́n bá rí i pé ọ̀dà rẹ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ mọ́.

Bí píkọ́ọ̀pù bá kú tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má ju ti àkọ́kọ́ nù. Ẹ di gbogbo ohun tí ẹ bá yọ, títí kan síkúrù tó ti dógùn-ún, sínú nájílọ́ọ̀nù, ẹ fi í sínú àpótí gìtá náà. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ yà á ní fọ́tò. Bí ẹ bá sì fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹni tó jìnnà, ẹ ní kó ya irin ẹ̀yìn, ìdí ọrùn àti inú ike iwájú ránṣẹ́. Ẹni tó ní òun ò lè tú síkúrù mẹ́rin nítorí gìtá tó fẹ́ gba mílíọ̀nù lé, ẹ jẹ́ kó máa gbé gìtá rẹ̀ lọ.

Ta ló ni ín rí?

Ìbéèrè yìí ló sọ gìtá Framus ti Lennon di olówó ńlá. Framus tí ẹlòmíràn lò ní Jámánì ò lè mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá. Ọwọ́ tó mú un ni wọ́n sanwó fún, wọ́n sì ní láti fi àwòrán ìgbà náà hàn pé ọwọ́ yẹn mú un ní tòótọ́. Nítorí náà, mo ní kí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lọ wá fọ́tò. Rìsíìtì àtijọ́, ìwé ìpè òde àríyá, álíbọ́ọ̀mù tí màmá tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó wá gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Àwòrán aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, wọ́n kọ 1971 sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Ọkùnrin márùn-ún wà níwájú gbọ̀ngàn kan, ankó ni wọ́n wọ̀. Bàbá rẹ̀ ló wà ní ọwọ́ òsì, gìtá wà lọ́rùn rẹ̀. Gìtá náà ò dúdú nígbà náà. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín, ó ṣókùnkùn létí. Kò sì sí Fender lórí rẹ̀. Báàjì kékeré kan ló wà níbẹ̀, tó ń kọ mànà nínú oòrùn, a ò lè ka ohun tó wà lára rẹ̀.

Mo ní kó gbé gìtá náà padà wá. A fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ sítíkà náà, a rọra ká a kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, nínú igi, ihò tíntìntín méjì wà níbi tí ìṣó báàjì náà ti jáde. Ó fi ìka kan àwọn ihò náà, ó wo fọ́tò inú fóònù rẹ̀, ó tún fi ìka kàn wọ́n. Kò bèèrè iye owó mọ́. Ohun tó ní kí n ṣe fún òun ni kí n fi okùn tuntun sí i.